Kí ló dé tí jíìpù fi wọ́n ju pick-up tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀?

Pick-up ló ń kó ẹja ní ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ń ti ọ̀nà Lekki wá ra ẹja àríyá ló ń gbé jíìpù wá, wọn a sì ti tẹ́ ọ̀rá sí búùtù kí omi ẹja má baà ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Tí ti ẹlẹ́ja bá jẹ́ Toyota Hilux, tí ti oníbàárà sì jẹ́ Fortuner, ọmọ ìyá ni ọkọ̀ méjèèjì. Láti 2004 ni Toyota ti ń kọ́ wọn lé orí ìpìlẹ̀ kan náà tó ń pè ní IMV. Síbẹ̀, owó Fortuner ló sábà máa ń ga jù.

Ìdáhùn tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn ni pé jíìpù ló lágbára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ Hilux lọ́wọ́ ẹ̀yìn: awẹ́ irin pẹlẹbẹ tó tẹ̀ bí ọrun ni wọ́n tò léra wọn níbẹ̀, òun ni leaf spring. Ó lè ru ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù kan, àmọ́ bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ṣófo, á máa ju èrò sókè bí ẹni ń fẹ́ gàrí. Wọn ò fi ìyẹn sí Fortuner. Coil spring ni wọ́n fi sí i, kí ó lè máa rọra tẹ̀ ní kòtò. Ìrọ̀rùn ni wọ́n ń tà fún ẹni tó ra jíìpù. Agbára wà lẹ́yìn pick-up níbi tí apẹ̀rẹ̀ ẹja wà.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí gan-an ni ẹ̀yìn ọkọ̀. Ti pick-up, agbada irin lásán ni. Ibi kan náà di yàrá lára jíìpù: ó gba òrùlé, gíláàsì, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìlà ìjókòó kẹta àti ihò ẹ́sì tí yóò fẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ariwo tún wà ńbẹ̀. Àpótí irin ńlá tó ṣófo tó sì dé pa kò yàtọ̀ sí ìlù. Bí táyà bá ti ń yí nísàlẹ̀ ni yóò máa dún lókè. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi fóòmù àti rọ́bà dí i kí etí tó sinmi. Owó gidi nìyẹn, kò sí àbùkù ńbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò tó láti di gbogbo àlàfo tó wà láàárín owó ọkọ̀ méjèèjì. Ẹja àrọ̀ tí wọ́n rà l'Olúwo, tó wá di ọbẹ̀ ata nínú abọ́ tánganran ní Lekki: ata, gáàsì àti iṣẹ́ alásè lówó lórí lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó jókòó nídìí tábìlì ló ń pinnu iye tí abọ́ náà yóò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọkọ̀. Ilé iṣẹ́, kọngílá àti ìjọba ló ń ra pick-up, mẹ́wàá mẹ́wàá nígbà mìíràn, wọ́n sì mọ ọjà ná. Ẹni tó ń ra jíìpù ń ra ọ̀kan fún ìdílé rẹ̀, kò sì burú lójú rẹ̀ bí aládùúgbò bá mọ̀ pé ó wọ́n. Láàárín 1996 sí 1997, Ford fa jíìpù Expedition yọ lára pick-up F-150, ó sì tún fa Lincoln Navigator yọ lára Expedition. Awọ àti igi dídán wọlé, owó sì tún gòkè.

Àwọn kan á ní owó kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Òótọ́ ni pé 8703 ni nọ́ńbà ọkọ̀ èrò nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àgbáyé, tí ọkọ̀ ẹrù sì jẹ́ 8704, owó wọn sì lè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n láti 1964 ni Amẹ́ríkà ti ń gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí pick-up tó ń wọlé láti òkè òkun (ìjà lórí owó kọ́sítọ́ọ̀mù adìyẹ pẹ̀lú Yúróòpù ló bí i, ẹ má rẹ́rìn-ín), jíìpù ló ṣì wọ́n jù níbẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ dùn ún wò: pick-up ń tà púpọ̀, ó ń bá jíìpù pín owó tí wọ́n ná sórí chassis (egungun abẹ́ ọkọ̀) àti ẹ́ńjìnnì, jíìpù ló ń kó èrè bọ̀. Ní báyìí, pick-up oníjókòó aláwọ ti pọ̀, owó àwọn kan sì ti ń bá ti jíìpù dọ́gba. Irú ìyẹn kì í gbé ẹja.