Kí Ẹ Tó Gba Àtúnṣe Kóòdù Wọlé Sínú Sort

Sort ni àṣẹ tí a ń tẹ̀ lórí kọ̀ńpútà láti to àwọn ìlà inú fáìlì. Bí ẹnìkan bá mú àtúnṣe wá, tó ní òun ti jẹ́ kó yára, ẹ má tíì wo eré tó ń sá. Ẹ lọ tààrà síbi tí kóòdù náà ti ń fi ìlà kan wé èkejì.

Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ló ń tò, àwọn kan a kàn yọ èkejì kúrò nínú èkíní: bí èsì bá kéré sí òdo, wọ́n á ní èkíní ló kéré. Ó ṣe ṣókí, ó sì léwu. int oníbíìtì 32, ìyẹn àyè tí kóòdù ń fi nọ́ńbà odindi sí, kò gbà ju 2,147,483,647 lọ. Ẹ yọ -2,000,000,000 kúrò nínú 2,000,000,000: bílíọ̀nù mẹ́rin ni, kò sí àyè fún un, ohun tó sì sábà máa ń jáde ni -294,967,296. Bí nọ́ńbà ńlá ṣe ń bọ́ síwájú kékeré nìyẹn. Kí wọ́n fi < àti > wé wọn. Nínú C++, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, ẹ ṣọ́ <= níbi tó yẹ kí < wà; bí àwọn ìlà tó dọ́gba bá pọ̀, std::sort, irinṣẹ́ ìtò inú èdè náà, lè kà kọjá òpin àkójọ, kí ètò náà sì kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ àdúgbò Ìbàdàn sínú fáìlì kan: Ọ̀jọ́ọ̀, Yemẹtu, Ẹlẹ́yẹlé, Dùgbẹ̀, Ṣáṣá. Ẹ tẹ LC_ALL=C sort, kí orúkọ fáìlì náà tẹ̀ lé e; LC_ALL ló ń sọ ìlànà èdè tí sort máa tẹ̀ lé, C yìí kì í sì í ṣe èdè kóòdù. Bí Ṣ, Ẹ àti Ọ bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú fáìlì náà, Dùgbẹ̀ àti Yemẹtu ló máa ṣáájú, kí Ṣáṣá, Ẹlẹ́yẹlé àti Ọ̀jọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, nítorí báìtì, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ńpútà fi ń pa lẹ́tà mọ́, ni C ń wò, kò mọ ábídí Yorùbá. Ó lè bí wa nínú, àmọ́ bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àtúnṣe tó bá yí i padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni yóò ba iṣẹ́ àwọn tó gbára lé e jẹ́. Ẹ tún kọ lẹ́tà «ẹ» sórí ìlà méjì lọ́nà méjì: ẹyọ kan ṣoṣo, àti e pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tó dá dúró. Lábẹ́ C, sort -u, tó ń yọ ìlà tó bá dọ́gba pẹ̀lú òmíràn kúrò, gbọ́dọ̀ fi méjèèjì sílẹ̀.

Ìyókù ò gba àkókò. sort -o f f, tó ń to fáìlì f tó sì ń kọ èsì padà sínú f kan náà, kò gbọdọ̀ sọ fáìlì náà di òfìfo. Àṣẹ sort -c, tó kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáìlì ti tò, gbọ́dọ̀ dá 1 padà bí fáìlì ò bá tò.

Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ẹ má kọ «kò dáa» lásán. Ẹ fi fáìlì kékeré náà ránṣẹ́, àti àṣẹ tí ẹ tẹ̀, ohun tó jáde, pẹ̀lú ohun tó yẹ kó jáde.