Bí alẹ́ Seder ṣe ń ṣiṣẹ́: ọmọ ló ń ṣílẹ̀kùn ìtàn

Àwọn Júù ní alẹ́ kan lọ́dún tó jẹ́ pé nítorí ìtàn ni wọ́n ṣe ń jókòó, kí òbí sọ fọ́mọ bí wọ́n ṣe kúrò lóko ẹrú ní Íjíbítì. Seder ni wọ́n ń pe alẹ́ yẹn, òun ló ń ṣí Àjọ Ìrékọjá, ọjọ́ 15 oṣù Nisan nínú kàlẹ́ńdà tiwọn, ó sì sábà máa ń bọ́ sí March tàbí April. Ìtumọ̀ seder ni ètò, ìpele ẹ̀ jẹ́ 15, láti orí àdúrà wáìnì títí dé orin ìparí. Ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ lé lóun ń jẹ́ Haggadah, orúkọ yẹn ò sì ní ìtumọ̀ méjì, "sísọ" ni, torí Ẹ́kísódù 13:8 ti ní kí o sọ fún ọmọ ẹ lọ́jọ́ náà.

Ibi tó dùn níbẹ̀ ni pé bàbá ò kàn ní jókòó kó máa ròyìn lọ bí ẹni ń wàásù, ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè. Mishnah, ìwé òfin tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 Sànmánì Tiwa, sọ ọ́ pé tí wọ́n bá ti bu ife wáìnì kejì, ọmọ á bi bàbá ẹ̀, tí òye ọmọ ò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, kí bàbá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè. Lọ́dọ̀ tiwa tí wọ́n bá fẹ́ pàlọ́ àgbà ló ń ké "Ààlọ́ o!" káwọn ọmọdé tó dáhùn, tiwọn yí i padà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọmọ ọdún 5 tí oorun ti ń kùn, kí ló máa mú un bèèrè? Ohun tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ yẹn ṣe nìyẹn, wọ́n ń dẹ ọmọ. Ó tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, torí ohunkóhun tó bá ní ìwúkàrà kò gbọ́dọ̀ sí nínú ilé, wọ́n á fọ ilé wọ́n á fọ kíṣìnì, nígbà tó bá wá di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú wọ́n á pa iná, wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á mú ìyẹ́ ẹyẹ àti ṣíbí onígi dání, wọ́n á máa wá búrẹ́dì kiri kọ̀rọ̀ ilé. Ilé sì ti mọ́ o! Nílé púpọ̀, ẹnì kan á ti fi ègé búrẹ́dì 10 pamọ́ síbẹ̀síbẹ̀ káwọn ọmọ lè rí nǹkan wá. Ọmọ wo ló máa sùn nínú irú eré yẹn?

Tí wọ́n bá wá débi tábìlì, àjèjì lórí àjèjì. Oúnjẹ gidi ò tíì dé, wọ́n ti ki ewébẹ̀ bọ omi iyọ̀ wọ́n ń jẹ ẹ́. Àwọn àgbà fara ti tìmùtìmù lápá òsì bí ìjòyè. Bàbá mú àkàrà aláìwú mẹ́ta tí wọ́n tò léra, matzah ni wọ́n ń pè é, ó kán ti àárín sí méjì, ó sì gbé èyí tó tóbi pamọ́, kò jẹ ẹ́, kò fún ẹnikẹ́ni. Talmud, ìwé àlàyé àwọn olùkọ́ wọn àtijọ́ lórí òfin, sọ pé Rabbi Akiva, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà, máa ń pín ọkà yíyan àti àsálà fáwọn ọmọdé kí wọ́n má bàa sùn kí wọ́n sì lè bèèrè, ìyẹn ni pé ọgbọ́n yìí ti pẹ́ gan-an. Ọmọ tó bá lanu tó ní "ẹ̀yin bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?" ti kó sí ìdẹ.

Kí wọ́n má wá fi í sílẹ̀ bó ṣe bá rí, ìbéèrè kan wà tó ti wà nílẹ̀, Ma Nishtana. Ọmọ tó kéré jù nínú ilé ló máa ń kọ ọ́ lórin: kí ló mú alẹ́ òní yàtọ̀ sí gbogbo alẹ́ yòókù? Kí ló dé tó jẹ́ matzah nìkan là ń jẹ, kí ló dé tá a fi ń jẹ ewé kíkorò, kí ló dé tá à ń ki oúnjẹ bọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, kí ló dé tí gbogbo wa fi ń fara ti tìmùtìmù. Nígbà tí Tẹ́ńpìlì ṣì wà ní Jerúsálẹ́mù, ẹran sísun wà nínú ìbéèrè yẹn, àmọ́ àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ńpìlì lọ́dún 70, ẹbọ ò sí mọ́, ni ìbéèrè ẹran bá kúrò tí ti ìfarati sì bọ́ sípò ẹ̀.

Ìdáhùn wá ń bọ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀: "Ẹrú Fáráò LA jẹ́ ní Íjíbítì." Kì í ṣe "wọ́n jẹ́". Haggadah ní ní ìran dé ìran kí olúkúlùkù wo ara ẹ̀ bíi pé òun gan-an ló jáde ní Íjíbítì. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "a", lórí ẹ̀ ni gbogbo ilé yẹn dúró lé. Òun náà ló sì dá ìjà sílẹ̀ níbi ìtàn àwọn ọmọ mẹ́rin tó wà nínú Haggadah, ọlọ́gbọ́n, ìkà, aláìmọ̀kan, àtèyí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè. Ìkà ní "kí ni iṣẹ́ yìí jẹ́ fún YÍN?", ó ti yọ ara ẹ̀ kúrò, wọ́n sì ní kí wọ́n fún un lésì tó máa kan eyín ẹ̀ lẹ́nu. Síbẹ̀ wọn ò lé e kúrò nídìí tábìlì. Èyí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè, wọ́n ní "ìwọ ni kó o ṣí i fún un".

Ohun tó máa ya Kristẹni lẹ́nu ni pé Mósè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ìwé yẹn rárá. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọn ò fẹ́ kí ọmọ lọ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Wọn ò sì fi ìtàn yẹn mọ sétí, wọ́n ń jẹ ẹ́ ni. Matzah fúnra ẹ̀, láti ìgbà tí omi bá ti kan ìyẹ̀fun kò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 18 kó tó jinná, torí àwọn baba wọn sáré jáde láìdúró de búrẹ́dì kó wú. Ewé kíkorò jẹ́ ìyà oko ẹrú (ẹni tó bá ti jẹ ewúro tí wọn ò fọ̀ dáadáa á mọ bó ṣe ń rí), omi iyọ̀ jẹ́ omijé, charoset tí wọ́n gún pọ̀ bí amọ̀ jẹ́ amọ̀ bíríkì, àwọn tó wá láti Yúróòpù ń fi ápù àti àsálà ṣe é, àwọn ti Ìráàkì ń fi dàbínù. Tí wọ́n bá ń ka ìyọnu mẹ́wàá, wọ́n á máa ti ìka bọ wáìnì wọ́n á kán an sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ife ayọ̀ lè dín nítorí àwọn ará Íjíbítì tó kú.

Ibi kọ̀ọ̀kan tún ní tiẹ̀. Àwọn Júù Morocco á máa gbé abọ́ Seder yí orí àwọn tó jókòó ká, wọ́n á máa kọrin pé wéréwéré la jáde ní Íjíbítì. Àwọn ti Ìráànì, tí wọ́n bá dé orin Dayenu, àlùbọ́sà eléwé ni wọ́n ń mú na ara wọn bíi pàṣán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tí ọmọ lè na bàbá ẹ̀ láìjẹ̀bi! Àwọn kan á di matzah sáṣọ, ọmọ á gbé e léjìká, wọ́n á bi í pé níbo lo ti ń bọ̀, á ní Íjíbítì, níbo lò ń lọ, á ní Jerúsálẹ́mù.

Matzah tí wọ́n gbé pamọ́ lẹ́ẹ̀kan ń kọ́? Afikoman ni, òun ni oúnjẹ gbọ́dọ̀ parí sí. Nílé kan ọmọ ló ń wá a, nílé míì ọmọ ló jí i gbé, èyí ó wù kó jẹ́ ọwọ́ ọmọ ló máa wà, àgbà ò sì lè tẹ̀ síwájú láìrà á padà. Ọmọdé á wá máa nájà, kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ o, owó ni mo fẹ́ o. Ìdí nìyí tí wọn ò fi ń sùn títí wọ́n á fi ṣílẹ̀kùn fún wòlíì Èlíjà, tí wọ́n á sì dé Chad Gadya, orin ọmọ ewúrẹ́ kan tí bàbá rà ní zuzim méjì (owó àtijọ́ ni): ológbò jẹ ẹ́, ajá bu ológbò jẹ, igi na ajá, iná jó igi, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dórí áńgẹ́lì ikú àti Ọlọ́run tó pa á. Haggadah tí wọ́n tẹ̀ ní Prague lọ́dún 1590 ti ní in nínú.

Ilé tí kò bá sí ọmọ, ìyàwó á bèèrè. Ẹni tó dá wà á bi ara ẹ̀.

Ní Ísírẹ́lì ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi, ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe é lálẹ́ méjì tẹ̀ léra, tábìlì kan náà, wáìnì kan náà, matzah kan náà, ọmọ tó bèèrè lánàá á tún dìde pẹ̀lú oorun lójú pé kí ló mú alẹ́ òní yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ kò fi ibì kankan yàtọ̀ sí tàná.