A/T lára táyà: ohun tó túmọ̀ sí, àti ìdí tí òmíràn fi ń pariwo ju òmíràn lọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà Hilux kan tó ń lọ oko, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí lẹ́tà méjì, A àti T, tí ìlà kékeré kan dábùú àárín wọn. All-terrain ni òyìnbó ń pè é, ìyẹn táyà tó lè rin oríṣiríṣi ọ̀nà: títì ọlọ́dà, ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa, òkúta wẹ́wẹ́, àti ẹrẹ̀ tí kò jìn jù. Ó ní ìbátan méjì. H/T ni wọ́n ṣe fún títì. Ojú rẹ̀ tẹ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dún. M/T ni wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀. Ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì. A/T wà láàrin àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ "àárín" yìí ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Kò sí òfin tó sọ ibi tí A/T ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ilé iṣẹ́ kan lè kọ A/T sára táyà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ H/T, kí òmíràn kọ ọ́ sára èyí tó ku díẹ̀ kó di M/T. Láti ọdún 1976 tí BFGoodrich ti gbé All-Terrain T/A jáde, àwọn ilé iṣẹ́ táyà tó kù náà ti ń ṣe tiwọn, kálukú pẹ̀lú bó ṣe yé e. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní "ẹ fún mi ní A/T" kò tíì sọ ohun tó fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Hilux àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti oko wọn lẹ́yìn Ìsẹ́yìn wá sí Ìbàdàn. Nígbà tí ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn ṣì bàjẹ́, M/T ni wọ́n rà sí i, wọn ò sì ṣàṣìṣe. Nígbà òjò, ọkọ̀ tí kò bá ní irú ẹ̀ lè sùn sọ́nà mọ́jú. Nígbà tó di 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ ti tún kìlómítà 65 yẹn ṣe, ó ti di ọ̀dà. Ọ̀nà yí padà, táyà ò yí padà. Ìgbà tí mo wá wọkọ̀ pẹ̀lú wọn, a ò lè sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ rárá. Láti Mọníyà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu "wúùùùù", bí a bá ṣe ń sáré sí i ni ohùn rẹ̀ ń ga sí i. Wọ́n tiẹ̀ ti ń fowó pa mọ́ láti tún gíà ṣe, wọ́n rò pé òun ló ń ké.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ka kìlómítà." A wo míìtà láti ilé dé ìdí ebè. Nínú nǹkan bí 90 tí wọ́n ń rìn lálọ, mẹ́sàn-án péré ni kì í ṣe ọ̀dà, nínú mẹ́sàn-án náà, ibi tí ẹrẹ̀ wà gan-an ò ju ibi méjì lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ra táyà ṣe ṣáájú ohun gbogbo nìyí, kó tó béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ kankan: kó ka kìlómítà tirẹ̀. Ẹ ra A/T tí ojú rẹ̀ tẹ́ jù lọ tó ṣì lè la ibi tó burú jù lọ ní ọ̀nà yín kọjá. Gbogbo ohun tí ẹ bá rà lé ìyẹn, ariwo àti epo ló máa gbà lọ́wọ́ yín.

Kí ló dé tí táyà fi ń dún ná? Ẹ jẹ́ ká dúró síbi yìí díẹ̀, torí pé tó bá ti yé yín, ojú lásán lẹ máa fi mọ táyà tó máa pariwo.

Ojú A/T kì í ṣe rọ́bà kan gbọọrọ. Ègé rọ́bà ni, tí àlàfo pín níyà. Táyà Hilux ẹ̀gbọ́n mi ga tó sẹ̀ǹtímítà 74, tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rin mítà 2.3. Tí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, táyà ń yí ju ìgbà mẹ́sàn-án lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ègé 60 ló yí etí rẹ̀ ká: ègé wọ̀nyẹn á gbá ilẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 570 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ohun tó bá ń gbá nǹkan tó bẹ́ẹ̀ kì í dún "pó, pó, pó" mọ́. Ó ti di ohùn tó ń kùn.

Tí gbogbo ègé náà bá gùn dọ́gba, wọ́n á máa bọ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ohùn kan ṣoṣo ló sì máa jáde. Ẹ rántí bí agogo ṣe máa ń dún láàrin àwọn ìlù: bó ti wù kí ìlù pọ̀ tó, ẹ ó ṣì gbọ́ agogo, torí ohùn rẹ̀ dá dúró. Àwọn tó mọ táyà ṣe máa ń sá fún èyí. Wọ́n á gé ègé kan kúrú, wọ́n á gé èkejì gùn, wọ́n á fi ẹ̀kẹta sáàrin wọn, láìtò wọ́n ní ọ̀nà tí etí lè dá mọ̀. Ariwo á wá fọ́n ká sí ọ̀pọ̀ ohùn kéékèèké, bíi ti ìlẹ̀kẹ̀ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó ṣì ń dún, ṣùgbọ́n etí ò rí ohùn kan dì mú, kò sì ní pẹ́ tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ fi máa gbàgbé rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tún wà níbẹ̀. Bí àlàfo bá ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ọ̀dà á bo ẹnu rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á há. Tó bá rọ́nà jáde, á dún bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò òfìfo. Àlàfo tó fẹ̀ tó sì jìn, ìgò ńlá ni. Ó dunni pé àlàfo yẹn gan-an ló ń gbá ẹrẹ̀ mú. Kò sí táyà tó máa fún yín ní agbára M/T nínú ẹrẹ̀ kó tún dákẹ́ bíi H/T lórí ọ̀dà, ẹni tó bá sì fi ìyẹn polówó ọjà fún yín, ẹ fojú fo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà, yálà Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Ìbàdàn, ẹ ní kí wọ́n yí ojú táyà náà sí yín. Ẹ kọ́kọ́ wo àárín. Ṣé ìlà rọ́bà kan wà tó yí i ká láìjá, tàbí àwọn ègé tó sún mọ́ra débi pé ìka kékeré ni yóò lè wọ àárín wọn? Irú èyí máa ń dákẹ́. Tó bá jẹ́ pé àtàǹpàkò ń wọ àlàfo náà gbàgà, láti àárín títí dé èjìká táyà, ariwo ni. Ẹ fi ìka tẹ̀ lé ègé etí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a padà rà, ègé àkọ́kọ́ tó oríkèé ìka mi méjì, èyí tó tẹ̀ lé e ò tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta gùn ju méjèèjì lọ. Ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ àlàfo, bóyá wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe afárá láti ègé kan sí èkejì kí wọ́n má baà máa mì. Ẹ wo bóyá ilà wẹ́wẹ́ bíi gọ̀ǹbọ́ wà lójú ègé kọ̀ọ̀kan. Ilà yẹn máa ń jẹ́ kí rọ́bà rọ̀ tó bá gbá ilẹ̀, ó sì ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ lórí ọ̀dà tó tutù.

Àwọn táyà tuntun tó gba Yúróòpù wá máa ń ní bébà kan lára tó sọ iye dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ariwo wọn. Ìta ọkọ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe inú, síbẹ̀ ó wúlò láti fi táyà méjì wé ara wọn. Bí ọ̀kan bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ju èkejì lọ, agbára ìró rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá rí àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta tí yìnyín wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ti yìnyín òtútù ni. Àwọn ará wa tó wà ní Chicago nílò rẹ̀. Ẹni tó ń lọ Ìsẹ́yìn ò gbọdọ̀ sanwó kún owó nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kù. Sára ìlẹ̀kùn dírẹ́bà, ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tó sọ ìwọ̀n táyà àti afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ yẹn fẹ́. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 255/70R15C 112/110S. Fífẹ̀ táyà ni 255, ní mìlímítà. Gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. Rímù ínǹṣì 15 ló sì ń wọ̀. 112 ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ó túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kìlógíráàmù 1,120. Nọ́ńbà yìí lè ga ju ti ara ìlẹ̀kùn lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kéré sí i láéláé, bó ti wù kí táyà náà lẹ́wà tó.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló gbà pé bí "ply" bá ṣe pọ̀ tó ni táyà ṣe dára tó, wọ́n á ní "ply 10" làwọn fẹ́. Lóde òní, nọ́ńbà yẹn ò sọ iye ìpele aṣọ tó wà nínú rọ́bà mọ́. Agbára ló ń sọ. Táyà ply 10 nípọn, ó wúwo, ó ń mu epo, tí ọkọ̀ bá sì ṣófo, gbogbo kòtò àti gbogbo ìdún ọ̀nà ló máa gbé wọlé wá bá yín. Ẹni tó ń kó òkúta tàbí gẹdú lè rà á. Fún iṣu tí kò tó tọ́ọ̀nù kan, èyí tó bá ti bá nọ́ńbà ara ìlẹ̀kùn mu ti tó. Ibi tí owó ti máa ń dín kù nìyẹn, pẹ̀lú pé kí ẹ má ṣe kọ ìwọ̀n tó bá ọkọ̀ wá nítorí táyà gbàǹgbà.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ owó kí n má sọ ti tòkunbọ̀. Òfin Nàìjíríà ti ka táyà àlòkù irú èyí léèwọ̀ láti kó wọlé, síbẹ̀ ó kún ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi ra méjì nígbà kan, ojú rẹ̀ ṣì nípọn, ó ń dán. Ọ̀kan bẹ́ lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú ẹrù lórí. Nígbà tí fọkanáísà tú u kúrò lára rímù ni a tó rí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kódù DOT, torí inú ni wọ́n kọjú ẹ̀gbẹ́ yẹn sí: 3113. Ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ọdún 2013 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà a máa gbó bí a ò tiẹ̀ lò ó, oòrùn wa kì í sì í jẹ́ kó pẹ́. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ni àjọ SON, tó ń rí sí ìdára ọjà ní Nàìjíríà, ní kí a fi lo táyà. Ẹ yẹ DOT wò lára táyà tuntun náà, kí ẹ sì wo etí tó ń wọ rímù, bóyá ó ká tàbí ó ṣẹ́. Àwọn kan máa ń ki táyà mẹ́ta mẹ́rin bọnú ara wọn kí àyè lè gbà wọ́n nínú kọ̀ǹténà, irú táyà bẹ́ẹ̀ ti fara pa kó tó dé ọwọ́ yín. Ní tèmi, táyà tuntun tí orúkọ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré, tó sì gbé ìwọ̀n ẹrù tó yẹ, sàn ju olórúkọ ńlá tó ti gbó lọ.

Táyà tó dákẹ́ lónìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lọ́dún tó ń bọ̀ tí a ò bá tọ́jú rẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú rẹ̀ lọ síwájú, kí ẹ tún pa á bọ̀. Tó bá ń dán ní ọ̀nà kan, tó wá ń ha yín lọ́wọ́ bí eyín ayùn ní ọ̀nà kejì, ègé rẹ̀ ti ń jẹ lápá kan. Ẹ máa pààrọ̀ ipò wọn láàrin kìlómítà 8,000 sí 10,000: tẹ̀yìn á bọ́ síwájú ní ẹ̀gbẹ́ tó wà, tiwájú á dábùú lọ sẹ́yìn, tọ̀tún sósì, tòsì sọ́tùn-ún. Ẹ máa wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó jáde. Tó bá ti gbóná lójú ọ̀nà, nọ́ńbà inú gééjì á lọ sókè. Ẹ má tú u sílẹ̀.

A padà ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà fún Hilux yẹn, A/T tó sún mọ́ H/T. Agégẹdú kan ló ra àwọn M/T náà, ọ̀nà tirẹ̀ ṣì nílò wọn. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fi rìn, ọkọ̀ dákẹ́ débi pé nígbà tí a kọjá Ìjàyè, mo gbọ́ ohun mìíràn lápá òsì níwájú, ìkùn kékeré kan. Táyà kọ́, torí nígbà tí a kúrò lórí ọ̀dà tuntun bọ́ sórí èyí tó ti gbó, ìkùn náà ò yí padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n bá ti yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ọ̀tún níbi kọ́nà, á lọ sókè. Bí wọ́n bá yí i sósì, á rọlẹ̀. Bíárìn ẹsẹ̀ iwájú ló ti ń jẹ, bóyá láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí ariwo M/T sì bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì tú ẹsẹ̀ náà, gíríìsì inú rẹ̀ ti dúdú, bọ́ọ̀lù méjì ti fọ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n sì kó iṣu wọn dé Bódìjà lọ́jọ́ kejì.