Ìkòkò tábà àwọn Dakota àti àlàáfíà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn

Nínú gbogbo ìgbàgbọ́ òdì nípa àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí ó ń bí mi nínú jù ni ti ìkòkò tábà olókùúta pupa. Ibi yòówù tí wọ́n bá gbé e sí nínú àpótí gíláàsì, ẹnìkan á ní ìkòkò àlàáfíà nìyẹn, pé àwọn olóyè Dakota, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní agbègbè ìpínlẹ̀ Minnesota, a máa fà á pẹ̀lú sójà òyìnbó nígbà tí ogun bá parí. Fíìmù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́ ọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ pé igbó ni wọ́n ń mu nínú rẹ̀. Ti igbó kò gba àríyànjiyàn: tábà ni, tí wọ́n sábà máa ń pò mọ́ èèpo inú igi kékeré kan tí ẹ̀ka rẹ̀ pupa.

Ti àlàáfíà náà, ẹ̀rí tí ó ta kò ó ti wà lákọsílẹ̀ láti ọdún 1673, nígbà tí Jacques Marquette, àlùfáà ọmọ Faransé, ṣe àlejò àwọn Illinois, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn, lẹ́bàá odò Mississippi, tí ó sì kọ ọ́ pé wọ́n ní ìkòkò fún àlàáfíà, wọ́n sì ní fún ogun, àti pé àwọ̀ ìyẹ́ ara wọn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Pupa ni ti ogun. Láàrin àwọn Dakota fúnra wọn, ẹni tí ó bá fẹ́ kó ogun jọ a máa gbé ìkòkò lọ bá àwọn tí ó fẹ́ kí wọ́n bá òun jà, ẹni tí ó bá sì fà á ti jẹ́jẹ̀ẹ́ nìyẹn. Wọ́n ń fi í gbàdúrà, wọ́n ń fi í sọ àlejò di ẹbí, wọ́n sì ń fi í dá májẹ̀mú. Nídìí májẹ̀mú ni òyìnbó ti ń bá a pàdé jù, ni wọ́n bá gbà pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ń ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n a kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Kí á tilẹ̀ gbà pé oríṣiríṣi ètò ni ìkòkò wà fún. Ta ni ó sọ fún wa pé èyí tí ó wà níwájú wa yìí ti rí iná rí? Òkúta náà, catlinite, abẹ́ òkúta mìíràn tí ó le gan-an ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ wà á ní Pipestone, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Minnesota. Ó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ ń gé e, nítorí náà agbẹ́kùúta lè yọ orí ẹṣin tàbí ti ènìyàn lára rẹ̀, kí ó fín ojú rẹ̀, kí ó sì da òjé yíyọ́ sínú ibi tí ó fín. Sójà àti arìnrìn-àjò fẹ́ràn irú rẹ̀, àwọn Dakota sì mọ̀. Láàrin 1833 sí 1836 ni Nathan Sturges Jarvis, dókítà àwọn ológun ní Fort Snelling, àgọ́ ológun kan ní Minnesota, kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn jọ, èyí tí ó wà ní Brooklyn Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York, báyìí. Nígbà náà gan-an, ọjà ti ń lọ.

Inú ihò tí a ń kó tábà sí, nígbà náà, ni kí á yẹ̀ wò. Ìkòkò tí a ti mu á ní èédú tí ó lẹ̀ mọ́ ara ihò, á sì ní ọ̀dà tábà nísàlẹ̀, níbi tí orí, ìyẹn apá olókùúta, ti pàdé ọ̀pá tí a fi ń fà á. Bí ihò náà bá mọ́ tónítóní, tí ipa ohun tí wọ́n fi lu ú ṣì hàn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èyí tí a gbẹ́ fún títà. Mo ní ó ṣeé ṣe, nítorí pé ẹni tí ó ni ín lè ti fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ha inú rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sì lè ti fọ̀ ọ́ kí ó lè dán. Bí a bá sì rí èédú, kí ni ó sọ? Pé iná wọ ibẹ̀. Kò sọ bóyá àdúrà ni, bóyá ogun ni, bóyá sójà kan ni ó fi ń najú nírọ̀lẹ́. Ọ̀pá ìbá ràn wá lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹ̀gún òòrẹ̀ tí a hun sí i lára àti irun ẹṣin tí a pa láró pupa, àmọ́ orí àti ọ̀pá kì í wà pọ̀ àfi nígbà ètò, nítorí náà kò ṣòro fún olùtajà láti so ọ̀pá ìkòkò kan mọ́ orí òmíràn kí owó lè gòkè.

Èyí kò sọ pé ti ìsìn kò sí nínú wọn. Ó wà, a sì mọ bí àwọn kan ṣe kúrò lọ́wọ́ onílé. Ní 2018, ní Boston, wọ́n lu ìkòkò kan ní gbàǹjo tí a so mọ́ orúkọ White Dog, ọ̀kan nínú àwọn Dakota 38 tí ìjọba Amẹ́ríkà yẹgi fún ní Mankato, ní Minnesota, ní December 26, 1862. Ẹni tí ó rà á dá a padà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Láti January 2024, ìlànà tuntun lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ti 1990, èyí tí ó wà fún dídá ohun mímọ́ àwọn onílẹ̀ padà, ní kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà kí ó tó pàtẹ irú ohun mímọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn Dakota fúnra wọn kò fẹnu kò lórí títà: àwọn kan ń gbẹ́ ẹ tà ní Pipestone, àwọn mìíràn ní ohun tí a fi ń gbàdúrà kì í ṣe ọjà. Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó bi olùtajà léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ gbà á, ọdún tí ó gbà á, àti bóyá orí àti ọ̀pá jọ wá. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé olóyè àtijọ́ kan ni ó ni ín, owó òkúta ni kí ó san.