Ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn ń sanwó kó tó wọ ìlú Venice? Àwọn ìbéèrè yín àti ìdáhùn wọn

Láti ìgbà tí ìròyìn ti jáde pé ìlú Venice, ní àríwá Ítálì, ń gbowó lọ́wọ́ àlejò kó tó wọ̀lú, ìbéèrè ò tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹlòmíì rò pé wọ́n ti fi géètì dí ẹnu ọ̀nà ni. Ẹlòmíì ní omi ti fẹ́ gbé ìlú náà mì, pé owó tí wọ́n máa fi gbà á là ni wọ́n ń kó jọ. Àwọn tó ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní Ítálì tiẹ̀ ń bẹ̀rù pé físà tuntun ti dé. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kó àwọn ìbéèrè tó ń jáde jù jọ síbí.

Ṣé wọ́n ń gbowó lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Yúrò 5 ni, fún ẹni tó bá wá sí ìlú àtijọ́ náà, ìyẹn apá Venice tó wà láàrin omi, lójú ọ̀sán, tí kò sì ní sùn síbẹ̀. Ọjọ́ 29 ni wọ́n fi dán an wò lọ́dún yẹn. Ní 2025 ó di ọjọ́ 54, láàrin oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá sì jẹ́ kó ku ọjọ́ díẹ̀ kó tó sanwó, yúrò 10 ni tirẹ̀. Aago 8:30 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni òfin náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wọlé ní aago 5 kò san nǹkan kan.

Ṣé géètì wà níbẹ̀?

Rárá. Òṣìṣẹ́ ìlú ló máa ń dúró níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Santa Lucia àti láwọn ibòmíràn, wọ́n á ní kí èèyàn fi kóòdù QR tó wà lórí fóònù rẹ̀ hàn.

Ta ni kò ní san?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14, àwọn tó ń gbé ìlú náà, àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, àti gbogbo ará Veneto, ẹkùn tí Venice wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì nínú ìlú náà kò ní san, torí pé owó àlejò ti wà lórí alẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá sùn. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé erékùṣù Murano, Burano tàbí Lido nìkan ló ń lọ, òfin náà kò kàn án.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe rèé, ẹ jọ̀ọ́, kí ó yé yín dáadáa: ẹni tó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kò ní sanwó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba kóòdù tó fi hàn pé kò yẹ kó san. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó lọ kí ẹbí rẹ̀ tó ń gbé ìlú àtijọ́ náà. Ẹbí yẹn ló máa forúkọ àlejò rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ló dé tí ìlú odindi fi ń gbowó bodè láyé òde òní?

Àwọn baba wa mọ oníbodè. Oníṣòwò tó bá gbẹ́rù dé ẹnu odi á sanwó kó tó kọjá, owó náà á sì wọ àpò ìlú. Ti Venice kò wo ẹrù. Èrò ni wọ́n ń wò. Àwọn tó ń wá fún wákàtí díẹ̀ pọ̀ débi pé ojú ọ̀nà tóóró kò gba ará ìlú mọ́ nígbà míì, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì máa ń náwó kéré jù. Luigi Brugnaro, tó jẹ́ olórí ìlú nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, ní òun fẹ́ kí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n wá lọ́jọ́ tí èrò kò pọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ará ìlú ló gbà pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ gan-an, àwọn kan ṣe ìwọ́de ní Piazzale Roma, wọ́n ní ìlú àwọn kì í ṣe mùsíọ́mù tí èèyàn ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀.

Ṣé omi ló ń lé àwọn ará ìlú kúrò?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Omi ń dà wọ́n láàmú lóòótọ́, mo máa dé orí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àlejò ló ń lé onílé.

Ní 1951, nǹkan bí èèyàn 175,000 ló ń gbé ìlú àtijọ́ náà. Nígbà tó fi máa di 2022, wọn kò tó 50,000 mọ́. Ní 2023, àwọn ará ìlú tó ń ka ibùsùn tí wọ́n fi ń gbàlejò kéde pé ibùsùn àlejò ti ju àwọn tó ń gbébẹ̀ lọ. Ní Campo San Bartolomeo, nítòsí afárá Rialto, ilé ìtajà oògùn kan gbé pátákó oníná kékeré kan sójú fèrèsé rẹ̀ láti 2008. Nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀: iye olùgbé tó kù. Ẹni tó fẹ́ ra oògùn ẹ̀fọ́rí á kọ́kọ́ rí i.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ìyá àgbà kan kú, àwọn ọmọ jogún ilé rẹ̀. Bí wọ́n bá fi háyà fún nọ́ọ̀sì àti ọkọ rẹ̀, owó ilé oṣù kan ni wọ́n máa rí. Bí wọ́n bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àlejò tó ń sùn alẹ́ méjì-méjì, èyí tí wọ́n máa rí á fi púpọ̀ jù ú lọ. Wọ́n yan èyí tó mówó wá. Nọ́ọ̀sì kó lọ sí Mestre, lórí ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé àdúgbò, ilé ìwé dín kíláàsì kù. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì rí i pé oníbàárà òun ti ń lọ tán, òun náà palẹ̀ mọ́, ẹni tó ń ta ohun ìrántí fún àlejò sì gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹni tó kù ládùúgbò náà kò rí ibi tó ti máa ra wàrà. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ní Mestre. Èyí ló ń bà mí nínú jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ Venice ju ìkún omi lọ, torí pé wọ́n ti rí nǹkan ṣe sí omi.

Ẹ lè rí i níbòmíràn pé èèyàn bí 250,000 ló wà ní Venice. Irọ́ kọ́. Ní 1926 ni wọ́n so Mestre mọ́ ọn, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé.

Báwo ni wọ́n ṣe kọ́lé sórí omi?

Orí ẹrọ̀fọ̀ ni, kì í ṣe orí omi. Venice wà nínú ọ̀sà kan tí ilẹ̀ tóóró yà sọ́tọ̀ kúrò lára Òkun Adriatic. Ẹnu mẹ́ta ni omi òkun ń gbà wọ inú ọ̀sà náà: Lido, Malamocco àti Chioggia. Àwọn erékùṣù kéékèèké tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni wọ́n fi afárá so pọ̀ di ìlú.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé láyé ìjọ́un á gé igi, á gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, á máa gbá a wọnú ẹrọ̀fọ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, títí wọ́n á fi há mọ́ra pinpin. Wọ́n á tẹ́ pákó nínípọn lé wọn lórí. Wọ́n á to òkúta Istria sórí pákó náà, òkúta funfun tí omi iyọ̀ kì í tètè rí gbéṣe, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ bíríkì. Lábẹ́ afárá Rialto, tí Antonio da Ponte kọ́ láàrin 1588 sí 1591, nǹkan bí òpó 12,000 ló wà. Lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria della Salute, wọ́n ní ó ju mílíọ̀nù kan lọ.

Kí ló dé tí igi náà kò jẹrà? Ọ̀pọ̀ ń sọ pé ó ti di òkúta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́síjìn kò sí nínú ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n rì í mọ́, nítorí náà olú àti kòkòrò tó máa ń jẹ igi kò lè gbé níbẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ṣì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló fi ń rọ̀, àmọ́ omi tó kún inú igi náà àti ẹrọ̀fọ̀ tó fún un mọ́ra ń bá a gbé ẹrù.

Ṣé bíi Makoko ló ṣe rí?

Rárá. Ní Makoko àti ní Ganvié ní orílẹ̀-èdè Benin, òpó yọ sókè omi, èèyàn á sì rí i. Ti Venice wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n Makoko ti dé Venice rí: ní 2016, ayàwòrán-ilé Kúnlé Adéyẹmí gbé irú ilé ìwé tó ń léfòó tí ó kọ́ sí Makoko lọ síbi àfihàn Biennale, wọ́n sì fi Kìnnìún Fàdákà dá a lọ́lá. Nínú oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà ni èyí tó wà ní Makoko gan-an wó.

Ta ló tiẹ̀ ní kí wọ́n lọ gbé inú ọ̀sà?

Ogun ni. Nígbà tí àwọn Lombard ya wọ Ítálì ní 568, àwọn ará orí ilẹ̀ sá wọ inú ọ̀sà, níbi tí ẹṣin ogun kò lè lé wọn dé. Iyọ̀ àti ẹja ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n di oníṣòwò tó ń kó ata, èròjà olóòórùn àti aṣọ sẹ́dà láti Alexandria àti Constantinople wá sí Yúróòpù. Doge ni wọ́n ń pe olórí wọn. Oyè náà kì í ṣe ajogúnbá, àwọn ọlọ́lá ìlú ló ń dìbò yan ẹni tó máa jẹ ẹ́ títí ọjọ́ ikú.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ní ẹni mímọ́ tó ń dáàbò bo ìlú wọn tún yàtọ̀. Ìtàn wọn sọ pé ní 828, oníṣòwò méjì jí òkú Máàkù Mímọ́ gbé ní Alexandria. Wọ́n tẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bò ó nínú apẹ̀rẹ̀, kí àwọn aṣọ́bodè tó jẹ́ Mùsùlùmí má bàa fọwọ́ kàn án. Torí rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì San Marco, torí rẹ̀ náà sì ni kìnnìún oníyẹ̀ẹ́ fi jẹ́ àmì ìlú náà.

Ní 1291, wọ́n pàṣẹ kí iná ìléru àwọn tó ń ṣe gíláàsì kúrò láàrin ìlú nítorí ìbẹ̀rù iná, wọ́n sì kó lọ sí Murano. Ìlẹ̀kẹ̀ Venice wà lára ohun tí àwọn òyìnbó kó wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti fi ṣòwò, títí kan òwò ẹrú. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọwọ́ wọn la ti kọ́ iṣẹ́ náà: Ifẹ̀ ti ń ṣe gíláàsì tirẹ̀ ní Igbó Olókun kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ṣé Venice ti jẹ́ orílẹ̀-èdè rí?

Ó jẹ́, fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, títí Napoleon fi fòpin sí i ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 1797. Ó di ara Ítálì ní 1866.

Ṣé ìlú náà ń rì?

Ó ń rì díẹ̀díẹ̀, òkun náà sì ń ga. Láàrin ọdún 1950 sí 1970, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Porto Marghera, lórí ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà náà, ń fa omi lábẹ́ ilẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ilẹ̀ sì yára lọ sílẹ̀. Wọ́n ti dá a dúró. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 1966, omi ga dé sẹ̀ǹtímítà 194 lórí òdiwọ̀n ìgbì òkun wọn, kì í ṣe jíjìn omi lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 2019, ó dé 187. Nígbà tó bá ti tó nǹkan bí 80, Gbàgede San Marco ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i ni MOSE: ilẹ̀kùn irin 78 tó dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ ní ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí òkun ń gbà wọlé. Omi ló kún inú wọn. Tí ìgbì ńlá bá ń bọ̀, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn nínú, omi á jáde, ilẹ̀kùn á dìde. 2003 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ná wọn ju bílíọ̀nù yúrò 5 lọ, wọ́n sì mú èèyàn 35 ní 2014 lórí ẹ̀sùn rìbá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 2020, wọ́n gbé e dìde sí ìgbì ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́, San Marco sì gbẹ. Ìbẹ̀rù tó kù ni pé bí òkun ṣe ń ga, wọ́n á máa tì í lemọ́lemọ́, ọ̀sà tí omi òkun kì í wọ̀ kó sì jáde bó ṣe yẹ á sì bàjẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe láìsí mọ́tò?

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn, òun ni panápaná ń wọ̀, òun ni wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí, òun náà ni wọ́n fi ń gbé òkú lọ sí San Michele, erékùṣù ìsìnkú wọn. Ní gbogbo ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, wọ́n máa ń ṣe afárá fún ìgbà díẹ̀ sójú omi ńlá tó gba àárín ìlú kọjá, wọ́n á gba orí rẹ̀ lọ tan àbẹ́là ní Santa Maria della Salute, láti dúpẹ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1630 kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á jẹ ọbẹ̀ ẹran àgùntàn pẹ̀lú kábéèjì lọ́jọ́ yẹn. Ayẹyẹ ará ìlú ni, kì í ṣe ti àlejò.

Ṣé owó náà ti dín èrò kù?

Ó pa ju mílíọ̀nù yúrò 2 lọ ní 2024, ó sì ju mílíọ̀nù 5 lọ ní 2025. Àwọn alátakò ní èrò kò dín. Lójú tèmi, kò lè dín in: ẹni tó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ọ̀nà jíjìn kò ní torí yúrò 5 padà. Ọ̀rọ̀ ilé ni kí wọ́n kọjú sí.

Tí n kò bá san ńkọ́?

Owó ìtanràn wà láàrin yúrò 50 sí 300.

Ṣé ó rọ́pò físà?

Rárá o. Físà Schengen ni ọmọ Nàìjíríà fi ń wọ Ítálì. Kóòdù yìí kì í ṣe ìwé ìrìnnà, kò sì kan ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ẹnikẹ́ni. Tí ẹnì kan bá ní òun máa bá yín fi ṣe ọ̀nà Ítálì, ẹ sá fún un.

Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì àwọn gbájú-ẹ̀. Ti ìjọba ìlú ni cda.ve.it, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé ọjọ́ tí owó wà sí lọ́dọọdún. Ẹ má ra báàgì ayédèrú lójú títì, torí òfin Ítálì ń mú ẹni tó rà náà. Ẹ má wẹ̀ nínú omi ìlú, ẹ má jókòó sórí àtẹ̀gùn afárá jẹun, ẹ má sì fún ẹyẹlé lóúnjẹ ní San Marco. Owó ìtanràn wà lórí gbogbo wọn.

Ṣé kí n má lọ mọ́ ni?

Ẹ lọ. Tí agbára bá ká a, ẹ sùn síbẹ̀, ní òtẹ́ẹ̀lì tó níwèé àṣẹ, dípò ilé tó yẹ kí ayálégbé máa gbé. Ẹ yan oṣù tí èrò kò pọ̀. Ẹ ra èso ní ọjà Rialto láàárọ̀, kí ẹ sì kí ẹni tó ń tà á ní "buongiorno" kí ẹ tó bèèrè iye tó ń tà á. Ẹ máa rìn lápá ọ̀tún ní ojú ọ̀nà tóóró. Tí ẹ bá wọ vaporetto, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò, ẹ bọ́ àpò ẹ̀yìn yín sílẹ̀, kí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lè ríbi dúró.