Ewéko tó ń ṣe ọkàn ẹran ọ̀sìn lọ́ṣẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Kogí

Àwọn ewéko kan wà tí oró wọn kì í dúró sí ikùn ẹran tó bá jẹ wọ́n. Ọkàn ló ń gbà lọ. Ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn Kàbbà, Búnú, Ìjùmú, Mópà àti Yàgbà, níbi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn, wọ́n ń hù ní oko, ní etí ọ̀nà àti ní àgbàlá ilé.

Bọ̀mùbọ̀mù, Calotropis procera, ni ojú mọ̀ jù. Oje funfun inú ewé rẹ̀ ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń mú wàrà dì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ti ẹran tó jẹ ewé náà ní àjẹyó yàtọ̀. Ṣagere, Strophanthus hispidus, ni àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ ń fi èso rẹ̀ ṣe oró ọfà. Oleander àti Cascabela thevetia kì í ṣe ará ilé rárá, òdòdó wọn tó rẹwà ló jẹ́ kí wọ́n máa gbìn wọ́n sí ọgbà. Oleander ló lágbára jù: nǹkan bí gíráàmù 15 ewé gbígbẹ rẹ̀ lè pa màlúù tó wọn kílò 300. Àbámọdá náà ní irú oró bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú òdòdó rẹ̀.

Oró yìí, tí wọ́n ń pè ní cardiac glycoside, ń dí ohun tó ń ti sódíọ́mù jáde kúrò nínú iṣan ọkàn tó sì ń fa pòtásíọ́mù wọlé. Sódíọ́mù á kún inú iṣan, kálísíọ́mù á tẹ̀ lé e, ọkàn á sì máa lù ségesège títí tó fi máa dákẹ́. Oró igi ọ̀bọ̀, Erythrophleum suaveolens, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ìwọ̀nyí, àmọ́ ibì kan náà ló ń kọlù.

Ewé wọ̀nyí korò, ẹran kì í sì sábà fẹ́ wọn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ewu pọ̀, nígbà tí iná bá ti jó ọ̀dàn tí koríko sì ti tán. Èyí tó tún burú ni ẹ̀ka tí wọ́n gé nígbà tí wọ́n ń tún ọgbà ṣe tí wọ́n dà sẹ́yìn ilé, torí oró kì í kúrò nínú ewé tó rọ, ewúrẹ́ sì máa ń gbà á ju tútù lọ.

Ẹran tó bá jẹ ẹ́ á máa da itọ́, á yàgbẹ́ gbuuru, etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹni tó ni ẹran kì í rí èyíkéyìí. Òkú ló máa bá lórí ìso, tí á sì máa fura sí ejò tàbí sí aládùúgbò.

Dókítà ẹran lè fún un ní èédú oníṣègùn, tó ń fa oró mọ́ra nínú ikùn, lẹ́nu, kó sì fi atropine, oògùn tó ń mú kí ọkàn yára, gún un bí ìlù ọkàn bá falẹ̀. Abẹ́rẹ́ kálísíọ́mù léwu nínú ọ̀ràn yìí, wọn kì í sì í lé ẹran náà tàbí wọ́ ọ kiri. Oògùn tó ń mú oró náà nínú ẹ̀jẹ̀ wà fún ènìyàn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju owó màlúù lọ. Tí ẹran bá ti kú, àjákù ewé tí wọ́n bá nínú àpò ikùn rẹ̀ ló sábà máa ń fi ohun tó pa á hàn.