Bí omi ṣe ń sá kúrò nínú ọgbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti bá a ṣe lè dá a dúró láìnáwó púpọ̀

Tí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ ní Kétu nílẹ̀ Benin níbí, òjò á dáwọ́ dúró, ilẹ̀ pupa wa yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í le gbagidi, ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé á sì máa so orí kọ́ lọ́sàn-án. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn èèyàn ni pé kó fi kún omi tó ń bù sí i, ló bá di bìdọ́ọ̀nù lórí bìdọ́ọ̀nù, títí owó omi á fi ju owó ẹ̀fọ́ gbọ̀mà tí wọn ì bá rà lọ́jà lọ. Ó sì ń dunni, torí pé gbòǹgbò ò rí ọ̀pọ̀ nínú omi yẹn mu rárá. Lápá ibi tó sún mọ́ ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), èèyàn ò ní gbẹ́lẹ̀ jìnnà kó tó kan omi, àmọ́ orí ilẹ̀ gíga ni Kétu wà, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn gan-an níbẹ̀, kò sí lítà kan tó yẹ kó ṣòfò.

Ọ̀nà méjì lomi ń gbà gbẹ kúrò nínú ebè. Ojú ilẹ̀ ni àkọ́kọ́. Oòrùn á mú, omi tó wà lókè á gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ á wá máa gba àárín àwọn ihò tíntìntín inú ilẹ̀ gùn wá sókè bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, òun náà á tún gbẹ, bẹ́ẹ̀ lá máa lọ títí ilẹ̀ á fi gbẹ dé ibi tí gbòǹgbò wà. Ọ̀nà kejì ni ewé. Ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ lábẹ́ ewé, ibẹ̀ ni ewéko ń gbà mí, ibẹ̀ náà lomi ń bá jáde. Ti ewé yìí ní èrè o, torí omi tó ń jáde lókè yẹn ló ń fa omi tuntun àti oúnjẹ wá láti inú ilẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí ewé jóná nínú oòrùn. Ti ojú ilẹ̀ ni kò ní èrè kankan, òun ló sì rọrùn jù láti dí.

Ọyẹ́ tún wá ń dá kún un. Atẹ́gùn tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, gbígbẹ ni, ètè èèyàn ń là, awọ ara ń họ, ewé náà ò yọ sílẹ̀. Ṣábẹ tó wà lókè lọ́hùn-ún máa ń rí tiẹ̀ ju Àjàṣẹ́ lọ, torí ọ̀sà àti òkun ò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Ohun tó ń ṣi àwọn kan lọ́nà ni pé òtútù ń mú láàárọ̀, wọ́n á ní ọgbà ò nílò omi tó bẹ́ẹ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn ń fa omi lára ewé láìdúró. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe pọ̀ tó, ebè ẹ̀fọ́ tó ti dàgbà tó sì bo ilẹ̀ dáadáa lè mu tó lítà 4 sí 6 lójúmọ́ lórí mítà kan níbùú mítà kan lóròó. Àrósùwà, ìyẹn korobá tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà, tó gba lítà 10 ò lè kọjá nǹkan bíi mítà méjì bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ṣì kéré ò mu tó yẹn.

Bíbo ilẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ mú, torí kì í náni ní fáráǹ kan. Koríko gbígbẹ, háríhá àgbàdo, èèpo ẹ̀pà, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ewé máńgòrò tí wọ́n ń gbá láàárọ̀ láàárọ̀, gbogbo ẹ̀ ló dáa. Àánú ló máa ń ṣeni tí wọ́n bá kó ewé yẹn jọ tí wọ́n dáná sun ún, tí ebè sì wà ní ìhòòhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ẹ jẹ́ kó nípọn tó sẹ̀ńtímítà 5 sí 10. Oòrùn ò ní rí ojú ilẹ̀ mọ́, atẹ́gùn ò ní fẹ́ lù ú, abẹ́ ẹ̀ á tutù, ekòló á ríbi gbé, koríko tó fẹ́ hù ò ní rí ìmọ́lẹ̀, tó bá sì pẹ́ á jẹrà á di oúnjẹ fún ilẹ̀. Àmọ́ ẹ rin ilẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó bò ó o, torí ilẹ̀ gbígbẹ tẹ́ ẹ bá bò, gbígbẹ lá máa wà, omi díẹ̀díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń wọ́n lé e lórí, koríko yẹn ló máa gbà á mu. Koríko tó ti so èso, ẹ má mú un wá, ẹ máa rí ọmọ ẹ̀ tí òjò bá dé. Ikán náà wà níbẹ̀, ó fẹ́ràn nǹkan gbígbẹ, torí náà ẹ fi àyè bí ìka mẹ́ta sílẹ̀ yí ìdí ata tàbí tòmátì ká, kẹ́ ẹ sì máa ṣí i wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹni tí ò bá rí nǹkan fi bò ó, kó mú ọkọ́ kékeré. Àwọn Faransé máa ń sọ pé ríro ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó bíbomirin lẹ́ẹ̀mejì, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa máa ń mú èèpo tó bá ti mu omi tó sì gbẹ, inú èèpo yẹn lomi ń gbà gun òkè wá. Tí wọ́n bá rọra ro ó ní bíi sẹ̀ńtímítà 2 tàbí 3, àwọn ihò yẹn á já, omi á dúró sí ìsàlẹ̀, omi tí wọ́n bá tún bù sí i á sì wọlé dípò kó máa ṣàn lọ sí ojú ọ̀nà. Kó má jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ò jìnnà sókè.

Ebè náà ní tiẹ̀. Nígbà òjò, wọ́n ń gbé ebè ga kómi má bàa rì í, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ká yí i padà, ká gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀ bíi sẹ̀ńtímítà 10, ká fi iyẹ̀pẹ̀ tá a gbẹ́ ṣe etí yí i ká, ká gbin nǹkan sínú ẹ̀. Omi ò ní ríbi sá sí. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ti adìẹ tó ti jẹrà dáadáa tẹ́ ẹ bá pò mọ́ ọn á jẹ́ kó lè gba omi dúró sí i, àmọ́ ti adìẹ tó bá ṣì tutù á jó gbòǹgbò. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n ń lò ní Songhai, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àjàṣẹ́, láti 1985 tí Bàbá Godfrey Nzamujo ti dá a sílẹ̀, pé ohun tó jáde lára ẹran kó padà sínú ilẹ̀.

Ó wá ku omi bíbù fúnra ẹ̀. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù, ìrọ̀lẹ́ ló tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá bù ú lọ́sàn-án gangan, púpọ̀ nínú ẹ̀ á gbẹ kó tó rìn, omi tó sì ti wà nínú túyó (rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi) lábẹ́ oòrùn lè gbóná débi tó máa bó ewé. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju àkókò lọ ni bí omi ṣe ń jìn tó. Ẹni tó ń wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, òkè nìkan ló ń rin, gbòǹgbò á máa rá kiri lókè níbẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bá gbàgbé, wàhálà dé. Tòmátì, ata, ilá àti ìgbá tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ jẹ́ kó mu àmutẹ́rùn, kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, gbòǹgbò á tẹ̀ lé omi lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀fọ́ kéékèèké bíi tẹ̀tẹ̀, ewédú àti sàláàdì ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀, òòjọ́ ni tiwọn, pàápàá lórí ilẹ̀ oníyanrìn. Ìka ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: ẹ ti ìka bọlẹ̀ dé oríkèé kejì, tó bá tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ewé tó rọ lọ́sàn-án tó tún nà lálẹ́, oòrùn ló ń sá fún, kì í ṣe gbogbo ìgbà lòùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Èyí tó bá ṣì rọ láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ sáré bomi sí. Tòmátì tí ìdí ẹ̀ ń dúdú tó ń jẹrà látorí igi, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé omi tí kò dọ́gba ló fà á, lónìí gbẹrẹfu, lọ́la kún àkúnya, kálísíọ́ọ̀mù, ọ̀kan lára oúnjẹ tí ewéko ń rí nínú ilẹ̀, ò lè dé inú èso bó ṣe yẹ. Oògùn ò wò ó, kí omi máa lọ déédéé ló ń wò ó.

Bọ́tìlì ike lítà kan àbọ̀ tí wọ́n ń sọ nù wúlò gan-an fún ata àti tòmátì. Wọ́n á gé ìdí ẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò bíi mẹ́rin sítòsí ọrùn, wọ́n á fi àkísà wé e kí iyẹ̀pẹ̀ má dí i, wọ́n á dorí ẹ̀ kodò rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, kí wọ́n máa rọ omi sí i. Ìkòkò amọ̀ tún jù ú lọ, ó ti lé ní ẹgbàá ọdún tí wọ́n ti ń lò ó ní Ṣáínà. Wọ́n á rì í dé ọrùn, wọ́n á rọ omi kún un, wọ́n á dé e pa kí ẹ̀fọn má bàa yé ẹyin sí i. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, á fa omi láti ara ìkòkò, tó bá rin, á dẹ́kun fífà, ilẹ̀ ló ń bu omi fúnra ẹ̀. Ìkòkò tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà ò lè ṣe é.

Omi tá a fi fọ ìrẹsì, tá a fi fọ ẹ̀fọ́, tá a fi fọ ẹ̀wà, ọgbà ló yẹ kó lọ. Omi aṣọ tí Javel (omi tó ń sọ aṣọ di funfun) wà nínú ẹ̀, tàbí tí ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sídìí ẹ̀fọ́, iyọ̀ inú ẹ̀ á jókòó sínú ilẹ̀.

Irúgbìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Láàárín ooru àti eruku yìí náà ni kòkòrò pupa tíntìntín kan máa ń ta òwú bíi ti aláǹtakùn sábẹ́ ewé tòmátì àti gbọ̀mà, ewé á kọ́kọ́ ní àmì funfun wínníwínní, á wá pọ́n, á gbẹ. Omi tí wọ́n bá fọ́n sábẹ́ ewé láàárọ̀ ń dín in kù, èyí tó bá ti bàjẹ́ jù, kí wọ́n gé e kúrò nínú ọgbà.

Láàárín oṣù kejì sí ìkẹta, òjò ẹyọ kọ̀ọ̀kan á máa já. Ẹ ti fi gọ́tà sábẹ́ páànù, kẹ́ ẹ sì ti wá dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ kó tó dé. Òjò mílímítà kan lórí òrùlé mítà kan níbùú lóròó, lítà kan nìyẹn, torí náà òrùlé tó gùn ní mítà 8 tó sì fẹ̀ ní mítà 5, tí òjò mílímítà 10 bá rọ̀ sórí ẹ̀, nǹkan bíi lítà 400 ló ń sàn kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí páànù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sí i, kẹ́ ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu ẹ̀ nítorí ẹ̀fọn.